Ogun Towton, 1461: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wá Lemọ́lemọ́ àti Ìdáhùn Wọn

Kí ni ogun Towton, níbo ló sì ti wáyé?

Ìjà ọjọ́ kan ni. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọjú ìjà sí ara wọn ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1461, ní pápá kan láàrin abúlé Towton àti Saxton ní Yorkshire, ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni ọjọ́ ọ̀hún bọ́ sí, òjò yìnyín sì ń rọ̀ gidi.

Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ogun abẹ́lé tí wọ́n ń pè ní Ogun Róòsì, èyí tí wọ́n ń jà, tí wọ́n ń sinmi, tí wọ́n tún ń jà, láti 1455 títí di nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Nínú gbogbo ìjà inú rẹ̀, kò sí èyí tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn níbẹ̀ tó ti Towton.

Ta ló ń bá ta jà?

Ẹbí kan náà ni wọ́n. Ọba Edward III tó wàjà ní 1377 bí ọmọkùnrin púpọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń fa adé mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ka Lancaster ti wà lórí ìtẹ́ láti 1399, nígbà tí Henry ti Lancaster yọ Richard II tí í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kúrò lórí oyè. Ọmọ-ọmọ Henry yìí ni Henry VI tó ń jọba nígbà ogun Towton.

Ẹ̀ka kejì ni York. Láti ọ̀dọ̀ bàbá, Richard, Duke ti York, ti ọ̀dọ̀ ọmọ tó kéré sí bàbá ńlá àwọn Lancaster wá. Ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ti ọ̀dọ̀ ọmọ tó dàgbà jù bàbá ńlá wọn lọ wá. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹni tó bá gbà pé obìnrin lè gbé ẹ̀tọ́ adé kọjá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ á ní York ló ni ín. Ẹni tí kò bá gbà á ní Lancaster ni.

Nílẹ̀ wa, ilé ọlọ́ba lè jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí oyè máa yí láàrin wọn, kí àwọn afọbajẹ sì dá ẹjọ́ bí ó bá di àríyànjiyàn. Wọn kò ní irú rẹ̀ níbẹ̀. Bí àwọn ìjòyè bá ti pín sí méjì, ojú ogun ló kù.

Ṣé àwọn ará Yorkshire ló ń bá àwọn ará Lancashire jà?

Rárá o. Nítorí bí agbègbè méjèèjì ṣe ń figagbága nínú bọ́ọ̀lù àti kríkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò bẹ́ẹ̀. Orúkọ oyè ni York àti Lancaster níbí, kì í ṣe agbègbè tí ọmọ ogun ti wá. Kódà ọ̀pọ̀ àwọn alágbára Yorkshire, àti ìlú York fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn Lancaster ni wọ́n wà. Inú ìlú York ni Henry VI fi ṣe ibùdó nígbà tí ìjà ń lọ ní Towton.

Ẹgbẹ́ York rí èèyàn púpọ̀ láti gúúsù, láti ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, àti láti ẹ̀gbẹ́ ààlà Wales.

Róòsì funfun àti róòsì pupa ńkọ́?

Róòsì funfun wà lára àwọn àmì ìdílé York lóòótọ́, ṣùgbọ́n Edward, ọmọ Duke ti York tó ṣáájú ogun York ní Towton, fẹ́ràn àmì oòrùn náà. Róòsì pupa ò fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú ogun ní 1461; Henry Tudor, tó gba adé ní 1485, ló gbé e lárugẹ lẹ́yìn náà. Ní Towton, àmì ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ni ọmọ ogun rẹ̀ ń wọ̀. Orúkọ “Ogun Róòsì” pàápàá, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tó di mímọ̀ káàkiri.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi kọ̀yìn sí Henry VI?

Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni Henry nígbà tí ó jọba ní 1422. Ó dàgbà di ẹni tó fẹ́ràn àdúrà, tí kò mọ bí a ti ń sọ pé rárá fún àwọn tó bá sún mọ́ ọn. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ gbà ní Faransé bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di òpin 1453, Calais nìkan ló kù. Gbèsè wà lọ́rùn ìjọba, àwọn ìjòyè ń bá ara wọn jà, ọba ò lè pẹ̀tù sí i.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1453, ọpọlọ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ó lé ní ọdún kan tí kò fi mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ní ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n gbé e wá síwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ òun ni. Láti ìgbà náà, ìyàwó rẹ̀, Margaret ti Anjou, ọmọ Faransé, ló ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ náà. Àwọn òpìtàn àtijọ́ bú u bí ẹni bú ajẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, ìyá tí wọ́n fẹ́ gba ogún lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ni.

Báwo ni ọmọ ọdún méjìdínlógún ṣe di ọba láàrin rúdurùdu yìí?

Ní oṣù Kẹwàá 1460, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe àdéhùn kan: Henry á máa jọba títí yóò fi kú, lẹ́yìn rẹ̀ Duke ti York àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni adé kàn. Ìyẹn ni pé wọ́n ti gba ogún àrẹ̀mọ. Margaret àti àwọn ìjòyè àríwá kò gbà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá, wọ́n pa Duke ti York ní Wakefield pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Edmund, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n gbé orí Duke náà kọ́ sórí ẹnubodè Micklegate ní York, wọ́n sì dé e ní adé oníwèé láti fi ṣe ẹlẹ́yà.

Edward ni àkọ́bí rẹ̀. Ó borí àwọn ọ̀tá ní Mortimer's Cross ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì 1461. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Margaret ṣẹ́gun Earl ti Warwick, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá York, ní St Albans, ó sì gba ọkọ rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn padà. Ṣùgbọ́n àwọn ará London ti gbọ́ bí àwọn ọmọ ogun àríwá ṣe ń kó ẹrù àwọn èèyàn lójú ọ̀nà, wọ́n tilẹ̀kùn ìlú mọ́ ọn. Margaret padà sí àríwá. Edward wọ London, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọba ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta.

Ọba méjì wá wà lórí ilẹ̀ kan. Edward ò dúró de ayẹyẹ ìdéládé, ó kó ogun jọ, ó tẹ̀lé wọn lọ sí àríwá. Nígbà tí wọ́n wọn egungun rẹ̀ ní 1789, gíga rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́ta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè fara pamọ́ lójú ogun, kò sì gbìyànjú rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Ferrybridge lọ́jọ́ tó ṣáájú?

Odò Aire ló dí ọ̀nà àwọn York. Ní ọjọ́ 28, Lord Clifford ti Lancaster já lu àwọn tó ń ṣọ́ afárá Ferrybridge. Lord FitzWalter kú níbẹ̀, ọfà sì ba Warwick ní ẹsẹ̀. Àwọn York rán Lord Fauconberg gba òkè odò lọ sí Castleford, ó rékọjá níbẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn yọ sí Clifford. Clifford sá títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, ni wọ́n bá pa á ní Dintingdale. Ìtàn sọ pé ó tú irin ọrùn rẹ̀ kí ó lè mí, ni ọfà bá bà á ní ọ̀nà ọ̀fun.

Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni ìdí tí àwọn ògbólógbòó Lancaster fi dúró tí wọn kò gbà á, nígbà tó jẹ́ pé kò jìnnà sí wọn mọ́.

Báwo ni ìjà náà ṣe lọ gan-an?

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n dúró lé, àfonífojì kékeré sì wà láàrin wọn. Lancaster kọjú sí gúúsù, York kọjú sí àríwá. Ní apá ọ̀tún Lancaster, ilẹ̀ da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cock Beck. Ẹ fi odò yìí sọ́kàn. Duke ti Somerset, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ló ṣáájú ogun Lancaster, Earl ti Northumberland àti Andrew Trollope wà pẹ̀lú rẹ̀. Edward, Warwick àti Fauconberg ló ṣáájú York. Duke ti Norfolk tó yẹ kó wà pẹ̀lú wọn ò tíì dé.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti gúúsù, ó ń gbá yìnyín sí ojú àwọn Lancaster. Fauconberg, ọkùnrin kúkúrú tó ti jagun ní Faransé tipẹ́, rí i pé afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn òun. Ó ní kí àwọn tafàtafà rẹ̀ sún síwájú, kí wọ́n ta ọfà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì fà sẹ́yìn. Ọfà ń bà àwọn Lancaster, wọn ò sì rí ibi tó ti ń wá. Àwọn náà ta tiwọn pa dà, afẹ́fẹ́ dí i lọ́nà, ọfà ń já sílẹ̀ ní nǹkan bí ogójì yáàdì sí ibi tí àwọn York wà. Wọ́n ta títí apó wọn fi gbẹ. Fauconberg tún sún síwájú, àwọn èèyàn rẹ̀ ta ìyókù ọfà wọn, wọ́n sì ń ṣa ọfà ọ̀tá tó wà nílẹ̀, wọ́n ń ta á pa dà fún àwọn tó ni ín.

Àwọn Lancaster ò lè dúró máa gba ọfà. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ láti wá jà ní ọwọ́ sí ọwọ́, ìyẹn idà, ọ̀kọ̀, kùmọ̀ irin àti àáké onígi gígùn. Wọ́n pọ̀ ju York lọ, wọ́n sì ń tì wọ́n sẹ́yìn. Edward sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó dúró láàrin àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó ń jà. Ní ọ̀sán ni Norfolk dé pẹ̀lú àwọn tí àárẹ̀ kò tíì mú, wọ́n gba apá ọ̀tún York wọlé, wọ́n sì ń ti àwọn Lancaster lọ sí ìhà odò.

Ìlà ogun náà já. Àwọn tó ń sá gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí Cock Beck, ẹ̀wù irin wà lọ́rùn wọn, omi kún. Àwọn kan rì, wọ́n tẹ àwọn kan pa, a sì gbọ́ pé àwọn tó gbẹ̀yìn ń gba orí òkú kọjá. Títí di òní, Bloody Meadow ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn pápá ẹ̀gbẹ́ odò náà.

Ṣé afẹ́fẹ́ ló ṣẹ́gun fún York?

Afẹ́fẹ́ ló mú kí ọ̀tá fi ibi tó dára tí wọ́n dúró sí sílẹ̀. Norfolk ló parí rẹ̀. Láàrin méjèèjì ni ọ̀pọ̀ wákàtí tí York ń fà sẹ́yìn tí kò sì já, ìyẹn ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí bí ìlà yẹn bá já kí Norfolk tó dé, òun náà á kàn bá òkú nílẹ̀ ni.

Ẹ má gbàgbé pé ìwé ìtàn Edward Hall tí wọ́n tẹ̀ ní 1548 ni ìtàn afẹ́fẹ́ àti ọfà tó kúnná báyìí ti wá. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ogun náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá irin nínú ilẹ̀ ti rí orí ọfà púpọ̀ lórí pápá náà, èyí tó bá ìtàn ọ̀hún mu.

Ṣé wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n fi jà?

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé àtijọ́ wí. Mi ò rò pé èèyàn kan lè fi ẹ̀wù irin wọ̀yá ìjà fún wákàtí mẹ́wàá. Tí a bá ka ọfà títa, ìjà ọwọ́ sí ọwọ́, ìsinmi díẹ̀díẹ̀ àti bí wọ́n ṣe lé àwọn tó ń sá títí ilẹ̀ fi ṣú, ó lè tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé wọ́n lo ìbọn?

Bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí àfọ́kù ìbọn ọwọ́ tó bú gbàmù lórí pápá náà. Irú ìbọn ìgbà yẹn lè pa ẹni tó mú un dání kó tó pa ọ̀tá. Kì í ṣe òun ló pinnu ogun náà.

Ìtàn ọmọdé orí igi tó pa Lord Dacre, ṣé òótọ́ ni?

Pé Dacre kú ní Towton, òótọ́ ni. Ibojì rẹ̀ wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Saxton di òní. Àwọn ará àdúgbò sọ pé òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó ṣí àṣíborí rẹ̀ kó lè mu omi, ni ọmọkùnrin kan tí Dacre ti pa bàbá rẹ̀ bá ta á lọ́fà láti orí igi. Àlọ́ ni mo kà á sí. Ó kàn jẹ́ àlọ́ tó dùn ni.

Ṣé lóòótọ́ ni 28,000 èèyàn kú?

Iye yìí kì í ṣe ohun tí àwọn òpìtàn ìsinsìnyí dédé sọ. Ó ti jáde láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí ogun náà: ó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ìdílé Paston ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, èyí tó ní ìròyìn tí Edward fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní London nínú. Wọ́n ní àwọn akéde ọba ló ka òkú. George Neville, bíṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ àbúrò Warwick, kọ iye kan náà sí aṣojú póòpù.

Ẹ wo àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹ́gun ló ń kọ̀wé sílé, ó sì wù ú kí gbogbo ayé gbà pé Ọlọ́run ti dá ẹjọ́. Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni iye náà ti ń wá. Bí ẹni mẹ́ta bá tún un sọ, kò di ẹ̀rí mẹ́ta. Tún wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà: gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 2 sí 2.5 lọ. Kí 28,000 ọkùnrin tó kú, iye tó jà gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an, oúnjẹ wọn àti ti ẹṣin wọn pẹ̀lú, ní òpin ìgbà òtútù, lórí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti sọ iye náà kalẹ̀ báyìí, àwọn kan tilẹ̀ sọ ọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn àwọn tó ní kò tó 28,000. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ pé Towton ni ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ̀bi. Pẹ̀lú iye tó kéré yẹn náà, ó ṣì ṣòro láti rí èyí tó jù ú lọ.

Kí ni egungun tí wọ́n rí ní 1996 sọ fún wa?

Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ́lé kan sí ẹ̀gbẹ́ Towton Hall nígbà tí wọ́n kan egungun. Kòtò kan ni, kò jìn rárá, wọ́n to òkú tó lé díẹ̀ ní márùndínlógójì sínú rẹ̀ bí ẹja inú agolo. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Bradford yẹ̀ wọ́n wò. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún dé nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Ọgbẹ́ orí pọ̀ lára wọn ju ohun tí ẹnikẹ́ni retí lọ. Ẹnì kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 25 gba ìgbà mẹ́jọ ní orí. Àwọn tó kọ́kọ́ gbà níwájú kò pa á. Ẹnì kan gba ẹ̀yìn gé e, ìyẹn ló pa á. Nígbà tó ti ṣubú, wọ́n tún fi idà la ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú òsì dé àgbọ̀n ọ̀tún. Ẹlòmíràn, nọ́ńbà 16, àgbàlagbà ni. Àpá ọgbẹ́ idà tó ti san tipẹ́ wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó ti jagun níbòmíràn, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó yè, ó tún jáde lọ sí Towton.

Bí ọgbẹ́ bá pọ̀ lórí tó báyìí, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lára, ó jọ pé àṣíborí ò sí lórí wọn mọ́. Bóyá wọ́n ti bọ́ ọ kí wọ́n lè sáré, tàbí kí wọ́n ti mú wọn kí wọ́n tó pa wọ́n. Kòtò náà kò sí lórí pápá ìjà gan-an, ó tó máìlì kan sí ibẹ̀, lójú ọ̀nà tí àwọn tó ń sá lè gbà lọ sí York.

Kí ló fà á tí wọn ò fi dá àwọn tó túúbá sí?

Ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀ láàrin wọn. Ní ìjà àkọ́kọ́ ní St Albans ní 1455, àwọn York pa bàbá Somerset, wọ́n pa bàbá Northumberland, wọ́n pa bàbá Clifford, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní ẹgbẹ́ Lancaster ní 1461. Lọ́wọ́ kejì, Wakefield ti gba bàbá àti àbúrò Edward. Wọ́n sì bẹ́ orí bàbá Warwick lẹ́yìn ìjà náà.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá mú ọlọ́lá lójú ogun máa ń dá a sí nítorí owó ìràpadà. Nínú ogun abẹ́lé, ẹni tí o bá dá sí lónìí lè padà wá gba ilẹ̀ rẹ lọ́la. Lẹ́yìn Towton, Edward wọ York, ó sọ orí bàbá rẹ̀ kalẹ̀ lórí ẹnubodè Micklegate, ó bẹ́ Earl ti Devon lórí, ó sì gbé e rọ́pò.

Níbo ni Henry àti Margaret gbà?

Nígbà tí ìròyìn dé York, àwọn àti ọmọ wọn sá lọ sí Scotland. Nítorí kí wọ́n lè rí ààbò àti ìrànlọ́wọ́, wọ́n fi ìlú Berwick lé àwọn ará Scotland lọ́wọ́ ní oṣù tó tẹ̀lé e. Èyí kò mú kí àwọn èèyàn ilé fẹ́ràn wọn sí i.

Ṣé Towton parí ogun náà?

Ó fún Edward ní adé, kò parí ogun. Wọ́n dé e ládé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 1461. Àwọn Lancaster ṣì ń jà ní àríwá títí di ìjà Hexham ní 1464, níbi tí wọ́n ti bẹ́ Somerset lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Edward ti dárí jì í lẹ́ẹ̀kan tó sì ti gbà á mọ́ra. Wọ́n mú Henry ní 1465.

Warwick ló tún dá ogun sílẹ̀. Ó bá Edward jà, ó darapọ̀ mọ́ Margaret, ó sì dá Henry padà sórí oyè ní 1470. Ní 1471 ni Edward padà wá: Warwick kú ní Barnet, ọmọ Henry kú ní Tewkesbury, Henry fúnra rẹ̀ sì kú ní Tower ní London ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Tewkesbury ló parí ọ̀rọ̀ ìdílé Lancaster. Towton ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe.

Ṣé òótọ́ ni pé bàbá ìyàwó Edward bá a jà ní Towton?

Òótọ́ ni. Richard Woodville, Lord Rivers, àti ọmọ rẹ̀ Anthony, ẹ̀yìn Lancaster ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Edward dárí jì wọ́n lọ́dún kan náà. Ní 1464, ó fẹ́ Elizabeth, ọmọ Rivers, ní bòókẹ́lẹ́. Opó ni, ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú sí ẹgbẹ́ Lancaster ní St Albans ní 1461. Nígbà náà, Warwick ń wá ìyàwó Faransé fún Edward, ojú sì tì í gidigidi nígbà tí ó gbọ́. Elizabeth ti York tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó yìí ló wá fẹ́ Henry Tudor ní 1486.

Ṣé a lè lọ wo ibẹ̀?

Ẹ lè lọ. Ẹ̀yin tó wà ní Leeds tàbí York, kò jìnnà sí yín rárá. Àgbélébùú òkúta kan tí wọ́n ń pè ní àgbélébùú Dacre wà lẹ́bàá ọ̀nà láàrin abúlé méjèèjì, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì wà níbẹ̀. Oko alágbẹ̀ ni púpọ̀ nínú pápá náà, nítorí náà ẹ má gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ. Bàtà tó lè gba ẹrẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ má wá ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí Richard III, àbúrò Edward, bẹ̀rẹ̀ síí kọ́ síbẹ̀ fún àwọn òkú. Ó kú ní Bosworth ní 1485 kó tó parí, kò sì sí nílẹ̀ mọ́.

Ta wá ni ọ̀dàlẹ̀ ní Towton, nígbà tí ọba jẹ́ méjì?

Ìbéèrè yìí ló ṣòro jù, ẹni tó sì borí ló dáhùn rẹ̀. Ọba tí wọ́n ti fi òróró yàn, tí gbogbo ilẹ̀ ti ń forí balẹ̀ fún láti ọdún 39 sẹ́yìn, ni àwọn Lancaster jà fún. Ní oṣù Kọkànlá 1461, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Edward sọ pé láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ni ìjọba rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wá jà fún Henry ní ọjọ́ 29 ti ṣọ̀tẹ̀ sí ọba nìyẹn. Wọ́n dá Henry fúnra rẹ̀ lẹ́bi pẹ̀lú èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ àti dúkìá wọn, ti òkú àti ti alààyè.

Henry Tudor tún ọgbọ́n náà dá ní 1485, ó tilẹ̀ gbóná ju ti Edward lọ: ó ní òun ti di ọba láti ọjọ́ tó ṣáájú ìjà Bosworth, kí àwọn tó jà fún Richard III lè di ọ̀dàlẹ̀. Òun kan náà ló wá fọwọ́ sí òfin kan ní 1495, tó sọ pé ẹni tó bá tẹ̀lé ọba tó wà lórí oyè lọ sí ogun kò ní jẹ̀bi ọ̀tẹ̀ nítorí ìyẹn. Àwọn tó kú sí Cock Beck ti lo ọdún 34 nínú ilẹ̀ nígbà náà.